Kí ni àwọn ẹnjiníà tún ń ṣe lórí áàpù tó ti ń ṣiṣẹ́?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹbí, lẹ́nu ọ̀rẹ́, àti pàápàá lẹ́nu ẹni tó ń sanwó iṣẹ́. Áàpù yìí ti wà lórí fóònù wa láti ọdún mẹ́ta, ó sì ń ṣiṣẹ́. Kí wá ni gbogbo èèyàn tí ẹ kó jọ sí ọ́fíìsì ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Kí ló dé tí fóònù fi ń sọ fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé update tuntun ti dé? Ṣé ẹ ò tíì parí ẹ̀ ni?

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, ó sì yẹ ká dáhùn rẹ̀ dáadáa, torí àìmọ ìdáhùn rẹ̀ ń ná àwọn èèyàn wa lówó. Oníṣòwò á sanwó áàpù lẹ́ẹ̀kan, á rò pé ó tán. Ilé ìwé á ra sọ́fítíwíà tó ń ṣe èsì ìdánwò. Kí ọdún tó yí po, ẹni tó kọ ọ́ ti rìnrìn àjò, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ohun tí ojú ń rí nínú sọ́fítíwíà kéré púpọ̀ sí ohun tó wà nídìí rẹ̀. Nídìí rẹ̀ lọ́hùn-ún ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́: fífi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù. Àdùnní fẹ́ fi ₦5,000 ránṣẹ́ sí Kọ́lá. Yọ 5,000 nínú àkáǹtì Àdùnní, fi 5,000 kún ti Kọ́lá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí à ń kọ fún kọ̀ǹpútà, ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn lè kọ ọ́ tán kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì ní ju bí ìlà mẹ́wàá lọ. Bó bá jẹ́ pé báǹkì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, tí iná kì í lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í já, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í fi ìkánjú tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n báǹkì Àdùnní yàtọ̀ sí ti Kọ́lá. Iṣẹ́ tó rán á kúrò lórí fóònù rẹ̀, á lọ bá kọ̀ǹpútà báǹkì tirẹ̀. Ìyẹn á lọ bá NIBSS, iléeṣẹ́ tó so àwọn báǹkì Nàìjíríà pọ̀, tí ètò ìfowóránṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2011. NIBSS á lọ bá báǹkì Kọ́lá, èsì á sì tún gba ọ̀nà kan náà padà wá. Kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá já lẹ́yìn tí báǹkì Kọ́lá ti gba owó, ṣùgbọ́n kí èsì tó padà dé. Báǹkì Àdùnní mọ̀ pé òun rán iṣẹ́; kò mọ̀ bóyá wọ́n ti jẹ́ ẹ. Kí ni kó ṣe? Bó bá dá owó padà fún Àdùnní, Kọ́lá lè ti gbà á, àdánù á sì jẹ́ ti báǹkì. Bó bá tún un rán, Kọ́lá lè gba 10,000. Bó bá dákẹ́, wọ́n ti yọ owó Àdùnní, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tó wà fún un. Ẹni tó bá ti gbé ní Nàìjíríà mọ bí ìdákẹ́ yẹn ṣe rí lára, àgàgà tó bá jẹ́ owó oògùn ni.

Ibi ìdákẹ́ yẹn ni iṣẹ́ ẹnjiníà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fún ìfowóránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kò sí irú rẹ̀ mìíràn. Òun ni session ID tí wọ́n máa ń bi yín tí ẹ bá lọ fẹjọ́ sùn ní báǹkì, tí ẹyọ rẹ̀ tó 30. Bí iṣẹ́ kan náà bá tún dé, báǹkì Kọ́lá á wo nọ́ńbà yẹn, á rí i pé òun ti ṣe é rí, á sì kọ̀ láti ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n á kọ kóòdù mìíràn tí á máa padà lọ béèrè bóyá nọ́ńbà báyìí wọlé. Wọ́n á kọ òmíràn tí á máa fi ìwé báǹkì kan wé ti èkejì láti wá ibi tí wọn kò ti bára mu. Wọ́n á pinnu iye ìgbà tí wọ́n máa gbìyànjú kí wọ́n tó dá owó padà. Wọ́n tiẹ̀ ní láti ronú lórí ọ̀rọ̀ tí Àdùnní máa kà lójú fóònù, nítorí "kò lọ" yàtọ̀ sí "a ò tíì mọ̀ bóyá ó lọ". Ẹni tí ẹ bá sọ fún pé kò lọ á tún tẹ bọ́tìnì lójú ẹsẹ̀. Ìlà mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tó yí i ká ló ń gba ọdún.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1968, NATO, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn fi ń dáàbò bo ara wọn, pe àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà jọ sí Garmisch ní Jámánì, nítorí pé àwọn iṣẹ́ sọ́fítíwíà ńláńlá ń pẹ́ kọjá àdéhùn, owó wọn ń lé sí i, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ṣe é gbára lé. Láti ìpàdé yẹn ni software engineering ti gbilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ iṣẹ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ kóòdù kọ. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe lè jọ kọ ohun tó tóbi ju ohun tí orí ẹnìkan lè gbà, kó sì ṣì ṣe é tún ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá láìwó. Òun náà ló ń dà wá láàmú dòní.

Kóòdù kì í jẹrà. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ogún ọdún, lẹ́tà kan kò ní yí padà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ó lè ṣiṣẹ́ lónìí kó dákẹ́ lọ́la, nítorí ayé tí wọ́n kọ ọ́ fún kò dúró. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2020, VAT, owó orí ọjà, ní Nàìjíríà kúrò ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 7.5. Gbogbo sọ́fítíwíà tó ń tẹ rìsíìtì ní láti bá a yí. Ẹni tó kọ 5 yẹn sí ibì kan ṣoṣo tún un ṣe kí tíì rẹ̀ tó tutù. Ẹni tó kọ ọ́ káàkiri ní láti wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì mọ èyí tó jẹ́ VAT nínú wọn yàtọ̀ sí 5 tó jẹ́ iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń kó ọjà dé. Ẹlòmíràn tún wà tó jẹ́ pé àyè tó ṣe fún VAT nínú kóòdù rẹ̀ kò gba ìdajì. Nọ́ńbà odidi nìkan ló gbà. Ó kọ 7.5, kọ̀ǹpútà ka 7. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kọ kóòdù tí kò ṣiṣẹ́. Iye ohun tó lè yí padà tí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ ni kò dọ́gba.

Lórí kóòdù tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, èyí tó le jù tí mo mọ̀ ni ti Ariane 5. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun tí àwọn ará Yúróòpù ṣe gbéra ní Kourou, ní French Guiana, ó gbé sátẹ́láìtì mẹ́rin. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi fọ́ yángá lójú ọ̀run. Kóòdù tó ń jẹ́ kó mọ ibi tó dojú kọ wá láti ara Ariane 4, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣáájú rẹ̀, tó ti ń fò láìsí ìjàǹbá látọwọ́ kóòdù yẹn. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ń kó nọ́ńbà kan sínú àyè tí kò lè gbà ju 32,767 lọ. Fún Ariane 4, wọ́n ti ṣírò ó pé nọ́ńbà yẹn kò lè tóbi tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọn kò fi ìṣọ́ sí i. Ariane 5 ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ ní kété tó bá gbéra. Nọ́ńbà kọjá àyè, kọ̀ǹpútà náà sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n ti fi òmíràn tì í tí yóò gba iṣẹ́ tí ti àkọ́kọ́ bá kú, ṣùgbọ́n kóòdù kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ náà ti kú ṣáájú, ohun kan náà ló pa á.

Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé apá kóòdù tó fa wàhálà náà kò wúlò fún Ariane 5 mọ́ ní kété tó bá ti kúrò nílẹ̀. Ariane 4 ló nílò kó máa ṣiṣẹ́ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéra. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Irú àyè kékeré bẹ́ẹ̀ ṣì wà níwájú wa. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń mọ aago nípa kíka ìṣẹ́jú àáyá láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1970. Àwọn tó ti pẹ́ nínú wọn ń kọ iye náà sí àyè tí kò gbà ju 2,147,483,647. Àyè náà yóò kún ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2038, lẹ́yìn aago mẹ́rin òwúrọ̀ ní Nàìjíríà. Èyí tí wọn kò bá tíì tún ṣe nínú wọn á gbà pé ọdún 1901 ni òun wà. Àwọn kan wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí tó ń tún un ṣe. Bí iṣẹ́ wọn bá yọrí, ohunkóhun kò ní ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì ní dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tó kọ áàpù kò sì dá gbogbo rẹ̀ kọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn kọ, tí wọ́n gbé síta fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ọkùnrin kan bínú, ó yọ ohun tó kọ kúrò níbi tí àwọn ènìyàn ti ń mú un. Ọ̀kan nínú wọn, left-pad, jẹ́ ìlà 11 péré, àyè ló ń fi kún iwájú ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni iṣẹ́ wọn dúró lọ́jọ́ náà, nítorí pé ohun tí wọ́n ń lò ń lo ohun mìíràn tó ń lò ó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, wọ́n rí ihò kan nínú OpenSSL, kóòdù tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lórí ìdá tó pọ̀ nínú íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan ibi tí ènìyàn ti ń kọ nọ́ńbà káàdì rẹ̀. Ihò náà ti wà níbẹ̀ fún ọdún méjì. Ẹnìkan péré ló ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí OpenSSL nígbà náà. Nítorí náà, nígbà tí fóònù yín bá sọ pé update dé, tí ẹ sì rí i pé ohunkóhun kò yí padà lójú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dí. Ẹ jẹ́ kó wọlé.

Ìyípadà fúnra rẹ̀ náà tún léwu, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti le. Bí wọn kò bá fọwọ́ kàn án, ayé á yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, wọ́n lè bà á jẹ́. Knight Capital jẹ́ iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ra tó sì ń ta ṣíà nípasẹ̀ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n ń múra sílẹ̀ de ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, wọ́n fi kóòdù tuntun sórí kọ̀ǹpútà 8. Ó dé orí 7; ẹni tó ń ṣe é gbàgbé ìkẹjọ, kò sì sí ẹlòmíràn tó yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí ìkẹjọ yẹn, kóòdù àtijọ́ kan ṣì wà tí wọ́n ti pa tì láti ọdún 2003, tí wọn kò yọ kúrò. Àmì tí wọ́n fi ń jí kóòdù àtijọ́ yẹn láyé ọjọ́un ni wọ́n tún mú lò fún ti tuntun. Bí ọjà ṣe ṣí, ó jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra, ó ń tà láìdúró. Nígbà tí wọ́n rí i pé nǹkan ti bàjẹ́, wọ́n rò pé kóòdù tuntun ló fà á, wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí àwọn 7 tó dára, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi ti ìkẹjọ. Láàárín ìṣẹ́jú 45, ó lé ní mílíọ̀nù 440 dọ́là tó bá a lọ. Kí ọjà tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà wọn ti fi ímeèlì 97 ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ tó mẹ́nu ba àṣìṣe náà. Ẹnikẹ́ni kò kà á sí ìkìlọ̀.

Ti CrowdStrike kò tíì pẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, iléeṣẹ́ tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà yìí fi fáìlì kékeré kan ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Fáìlì náà retí nǹkan 21. Kóòdù tó wà lórí kọ̀ǹpútà ń kó 20 fún un. Kọ̀ǹpútà lọ wo ibi tí kò sí nǹkan kan, ó kú. Microsoft ṣírò rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà Windows tó tó mílíọ̀nù 8.5 ló kàn. Bàálù kò lè gbéra, ilé ìwòsàn sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Wọ́n fa fáìlì náà padà kí wákàtí kan àbọ̀ tó pé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ti kú kò lè gba àtúnṣe. Ènìyàn ní láti dé ìdí ọ̀pọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe kò yà mí lẹ́nu, kò sí ẹni tí kì í ṣe é. Ohun tó yẹ ká bi wọ́n ni ìdí tí fáìlì náà fi dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé àwọn á máa fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Nílé náà a rí i. Ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ọdún 2024, àwọn báǹkì ńlá mélòó kan ní Nàìjíríà pààrọ̀ sọ́fítíwíà tó di gbogbo àkáǹtì mú, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì fi ọjọ́ mélòó kan wà láìrí owó wọn lò. Inú bí gbogbo wa, ó sì tọ́ kó bí wa. Ṣùgbọ́n ẹ ro ohun tó wà nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún tí oríṣiríṣi ènìyàn kọ lóríṣiríṣi ọ̀nà, tí wọ́n ní láti kó lọ sí ibi tuntun láìjẹ́ kí kọ́bọ̀ kan sọnù, nígbà tí àwọn oníbàárà ṣì fẹ́ fi owó ra ẹ̀kọ àárọ̀.

Báwo ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ń yí nǹkan padà láìbà á jẹ́? Wọ́n ń pa gbogbo ìyípadà mọ́ sínú ìwé ìtàn kan tí kì í parẹ́. Git ni ọ̀pọ̀ ń lò fún un, èyí tí Linus Torvalds kọ ní ọdún 2005. Ó ń sọ ẹni tó yí ìlà kan padà, ọjọ́ tó yí i, àti ìdí tó fi yí i tó bá kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹnìkan kì í dá kóòdù gbé jáde. Ẹlòmíràn á kọ́kọ́ kà á, á béèrè ìbéèrè, á kọ̀ ọ́ tí kò bá yé e. Wọ́n ń kọ kóòdù tó ń dán kóòdù wò, tí á máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí ohunkóhun padà. Wọ́n á gbé ti tuntun fún ènìyàn díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún gbogbo ènìyàn, wọ́n á sì ti mọ bí wọ́n ṣe máa fà á padà kí wọ́n tó gbé e jáde. Ìlànà wọ̀nyí kò ṣòro lóye. Ohun tó ṣòro ni ṣíṣe wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ọ̀gá ń pariwo pé oníbàárà ń dúró.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìdánwò, nítorí ó kan àwa gan-an. Ẹ wo ọ́ tó wà nínú Bọ́lájí. Lójú wa, lẹ́tà kan ni. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń kọ lẹ́tà, ní ẹyọ kan fún ọ, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan fún ọ́. Títò ni wọ́n ń tò ó, ọ̀nà títò náà sì pọ̀. Fóònù kan á kọ ọ tó ti ní àmì abẹ́, á fi àmì òkè lé e. Òmíràn á kọ ó tó ti ní àmì òkè, á fi ti abẹ́ sí i. Òmíràn á kọ o lásán, á to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Kọ̀ǹpútà rí nǹkan mẹ́ta. Bí Bọ́lájí bá fi fóònù forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tí akọ̀wé sì fi kọ̀ǹpútà wá a, èsì lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Unicode ní òfin tó ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, ìlà kóòdù kan sì tó láti lò ó. Àwọn tó ń fi ìlà tóóró sí abẹ́ ṣ dípò àmì kékeré wà lọ́tọ̀, òfin yẹn kò kà á sí lẹ́tà kan náà, ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ìyẹn. Àyè náà tún wà níbẹ̀: nínú ìkópamọ́ tó wọ́pọ̀ jù, o lásán ń gba àyè 1, ọ̀ ń gba 5. Ẹni tó bá ṣe àyè 20 fún orúkọ á gé orúkọ wa sí méjì. Kò sí ẹni tó lè dán èyí wò bí kò bá mọ̀ pé ó wà, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbà pé ó yẹ kí ẹni tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn tó ń kọ ọ́. Kíkọ "A sí Z nìkan" sórí fọ́ọ̀mù jẹ́ sísọ fún ènìyàn pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò tọ́.

Ní ọdún 1992, Ward Cunningham, ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ sọ́fítíwíà ìnáwó, wá ohun tó lè fi ṣàlàyé fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ìdí tí wọ́n fi ní láti padà tún kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ kọ. Ó ní gbèsè ni. Bí ẹ bá yára gbé nǹkan jáde kí òye rẹ̀ tó yé yín tán, ẹ ti yá àkókò lò. Kò burú, ọ̀pọ̀ òwò ló ń yáwó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n èlé wà lórí rẹ̀: lọ́jọ́ gbogbo tí ẹ bá fọwọ́ kan ibẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kan á gba mẹ́ta. Bí ẹ kò bá san án, ọjọ́ kan ń bọ̀ tó jẹ́ pé èlé nìkan ni àwọn òṣìṣẹ́ yín á máa san. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá máa ń béèrè ìdí tí bọ́tìnì kan ṣoṣo fi gba oṣù kan, tí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì ní mọ ibi tí òun á ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ẹ̀yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni òótọ́ sísọ wà, èmi sì kà á sí apá iṣẹ́ yìí tó wúwo jù. Ní Britain, Post Office gbé sọ́fítíwíà ìṣirò kan tó ń jẹ́ Horizon, tí Fujitsu ń bójú tó, sí àwọn ẹ̀ka rẹ̀ láti ọdún 1999. Horizon máa ń sọ pé owó dín níbi tí owó kò ti dín. Láàárín 1999 sí 2015, ó lé ní 900 ènìyàn tó ń bójú tó ẹ̀ka kéékèèké tí wọ́n dá lẹ́bi pé wọ́n jalè tàbí pé wọ́n ṣe ìṣirò èké. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan ta ilé, àwọn kan pa ara wọn. Òfin Ẹngland gbà pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ àfi tí ẹlòmíràn bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Báwo ni ẹni tó ń ta sítáǹbù lábúlé ṣe máa fi í hàn? Síbẹ̀, àwọn tó ń tún Horizon ṣe ní àkọsílẹ̀ àwọn àṣìṣe rẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀, wọ́n sì lè ti ọ̀nà jíjìn wọ àkáǹtì ẹ̀ka, ohun tí Post Office sẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé ẹjọ́ tú u fó ní ọdún 2019. Ní ọdún 2024 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin tó pa ọ̀pọ̀ ìdálẹ́bi náà rẹ́. Gbogbo sọ́fítíwíà ló ní àṣìṣe. Ẹnjiníà tó bá mọ ti tirẹ̀, tó sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹlòmíràn sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀, ti ṣe ohun tó burú ju kóòdù tí kò dára lọ.

Bí ẹ bá wá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ẹni tó máa kọ sọ́fítíwíà fún òwò yín, ilé ìwé yín tàbí ìjọ yín, ẹ kò nílò láti mọ kóòdù kọ kí ẹ tó bi í ní ìbéèrè tó dára. Ẹ bi í pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí oníbàárà ń sanwó lọ́wọ́. Bó bá ní kò lè já, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ bi í pé ta ni yóò máa tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí ẹ sì kọ owó ìyẹn sínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ó dájú pé ẹ máa nílò rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé orúkọ yín ni wọ́n fi ra àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì náà, pé kóòdù wà nínú àkáǹtì tí ẹ lè ṣí fúnra yín, pé ó ju ẹnìkan lọ tó mọ ọ̀nà débẹ̀. Ẹ ní kó kọ orúkọ Ọ̀ṣúnṣeéṣe sínú fọ́ọ̀mù, kó sì wá a jáde. Bó bá sì sọ fún yín pé òun ń fi ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ pamọ́ lálaalẹ́, ẹ ní kó mú ti àná jáde, kó gbé e sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kó sì ṣí i lójú yín.